Ẹ Bi Wá: Ìbínú Tó Ju Ọmọ Lọ

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, tí ìbínú, ẹ̀rù tàbí ẹkún máa ń gbé kọjá ibi tí apá rẹ̀ ká. A mú márùn-ún nínú wọn. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ọmọkùnrin mi pé ọdún méjì àtààbọ̀. Tí mo bá ti ní rárá, ilẹ̀ ló máa dùbúlẹ̀ sí, á máa yí gbirigbiri, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà Bódìjà, gbogbo èèyàn ló dúró wò wá nítorí bisikíìtì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo tún padà ra bisikíìtì náà. Kí ni ṣíṣe? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn)

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ohun tí ọmọ yín ń ṣe wọ́pọ̀ láti bí ọdún kan àtààbọ̀ sí ọdún mẹ́rin. Apá ibi tí ọpọlọ fi ń kó èèyàn níjàánu wà lẹ́yìn iwájú orí, òun ló sì máa ń pẹ́ jù kó tó gbó. Ó ń lọ sí bí ọdún 25. Ọmọ yín mọ ohun tó fẹ́ dáadáa, àmọ́ kò tíì ní ohun tí yóò fi dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí kò bá rí i gbà. Ara yín ló fi ń dúró. Bí ara tiyín náà bá gbóná, kò sí ibi tí yóò dì mú mọ́.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ igbe yẹn lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó rí i pé ìdá méjì ni. Ìbínú ló ń ṣíwájú: igbe líle, ìtàpá, ká máa ju nǹkan. Ó máa ń yára ga, ó sì máa ń yára wálẹ̀. Ìbànújẹ́ ló ń tẹ̀ lé e: igbe á di ẹkún, ohùn á rọ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìyá rẹ̀. Bí àgbà ò bá koná mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Iṣẹ́ yín nínú ìdá kìíní kì í ṣe iṣẹ́ yín nínú ìdá kejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìṣe.

Nínú ìdá kìíní, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọ̀kadà tàbí iná lè ṣe é léṣe. Ẹ lóṣòó, kí orí yín má ga ju tirẹ̀ lọ púpọ̀, kí ẹ sì fi àyè bí ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín yín. Gbólóhùn kan tàbí méjì tó kúrú ti tó, ní ohùn ìsàlẹ̀: “Inú ń bí ẹ. Mo wà níbí.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má bi í pé “Kí ló dé?” Ẹ má ṣàlàyé pé owó ò sí. Ọpọlọ rẹ̀ ti kún lásìkò yẹn. Ìbéèrè àti àṣẹ ń fi kún ẹrù tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ ni, igbe á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. A kì í kọ́ ẹni tí odò ń gbé lọ ní wíwẹ̀. Ká fà á dé èbúté ná.

Nígbà tí ohùn bá rọ̀, ẹ ṣí apá. Bó bá tì yín, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, àkókò ò tíì tó. Bó bá wá, ẹ gbà á mọ́ra. Bó bá sì jẹ́ ọmọ tó ṣì fẹ́ràn ẹ̀yìn, ẹ pọ̀n ọ́n: bí ọ̀já ṣe ń fún un mọ́ra àti bí ẹ ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ máa ń mú àyà tó ń lù kìkì rọlẹ̀ kíákíá ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìgbà tó bá balẹ̀ tán lẹ ó tó sọ̀rọ̀: “O fẹ́ bisikíìtì. Mo ní rárá. Ó dùn ẹ́.” Kí rárá yẹn sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí bisikíìtì tí ẹ padà rà. Bí igbe ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ra bisikíìtì kan, ẹ ti dá iye rẹ̀ fún un. Ọjọ́ mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa mú bọ̀ lọ́jà. Bí ẹ bá ní kò gbà, á san mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá wà lọ́kàn yín láti rà á, ẹ rà á kó tó fi ẹnu kan igbe. Ẹ sì múra sílẹ̀: ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí rárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, igbe sábà máa ń pọ̀ sí i kó tó dín kù, torí ọmọ ń wò ó bóyá owó rẹ̀ ni kò tó. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń juwọ́ sílẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á á sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣòro kejì ni ìyá aláàánú tó máa fa bisikíìtì tirẹ̀ yọ látinú ìsọ̀. Ẹ tètè rẹ́rìn-ín sí i: “Ẹ ṣeun mà, ẹ bá mi fi í sílẹ̀, ó ń bọ̀ wá dákẹ́.”

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ ṣì wà ṣáájú igbe. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko: aago mélòó ló ké, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ìgbà wo ló jẹun tó sì sùn kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló máa rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. Aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tó dé láti jẹ́lé-ó-sinmi, tí ìyá wà nídìí iná. Ebi àti oorun ni, wọ́n gbé aṣọ ìbínú wọ̀. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wákàtí 10 sí 13. Ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tàbí àkàrà méjì kí ẹ tó wọ ọjà. Bó bá sì di pé kó fi eré sílẹ̀, ẹ má sọ “ìṣẹ́jú márùn-ún” fún ẹni tí kò mọ aago. Ẹ ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì sí i lo máa yọ̀ sísàlẹ̀, ó tán.” Kí ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ṣé kì í ṣe àkẹ́jù lẹ ń kọ́ àwọn ìyá ọmọ yìí? Wọ́n nà wá, a sì dèèyàn. (Bàbá kan, Abẹ́òkúta)

Bàbá, kí rárá di bẹ́ẹ̀ ni nítorí igbe, ìyẹn gan-an ni àkẹ́jù, a ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ẹgba máa ń pa igbe lẹ́nu, kò fi ohunkóhun sí ipò rẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ nítorí pankẹ́rẹ́ kò tíì mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí pankẹ́rẹ́ ò bá sí nítòsí. Ẹ ronú kan ọmọ tí wọ́n nà nítorí pé ó na àbúrò rẹ̀: ohun tó rí ni pé ẹni tó bá tóbi jù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti na ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà wa tí ẹ ń tọ́ka sí, ṣebí ojú ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bá ọmọ wí? Ọmọ tó mọ ojú, ohun tó kọ́ ọ ni pé ojú kan náà ló ń rí lójoojúmọ́, ìtumọ̀ kan náà ló sì ń ní lónìí, lọ́la, àti níwájú àlejò. Ilé tí bàbá ti ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan láàárọ̀, tó sì ń nà nítorí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ojú ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí a lè fi síbẹ̀ wà. Láti ọdún mẹ́ta lọ, ọmọ lè kọ́ bí a ṣe ń mí. Ẹ ní kó di ọwọ́ méjèèjì bí ẹni di abọ́ mú. Kó fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni ń gbóòórùn àkàrà, ẹ ka ení, èjì. Kó fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìgbà mẹ́rin péré. Èyí tó ń jáde ló ń ṣiṣẹ́, torí ọkàn máa ń lù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá ń mí síta. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Bó bá ń fẹ́ ẹ fìrì fìrì, òòyì á kọ́ ọ; ẹ ní kó fẹ́ ògì náà jẹ́jẹ́ kó má dà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ àti ṣáájú oorun, nígbà tí inú ẹnikẹ́ni ò bí. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó retí pé yóò lò ó nígbà ìbínú. Àwọn tó ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, àárín igbe ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un jáde. Ẹ̀yin náà, bàbá, ẹ fẹ́ ògì tiyín níṣojú rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí yín. Ohun tó bá rí ló máa ṣe.

Ọmọ mi obìnrin, oṣù 16. Tó bá ṣubú tàbí tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á ké lẹ́ẹ̀kan, ẹnu á là, ohùn ò ní jáde mọ́, ètè rẹ̀ á dúdú, á sì rọ jọwọrọ. Ìyá àgbà ní gìrì ni, ó ń bu omi sí i lójú, ó sì fẹ́ kí a fún un ní ìtọ̀ màlúù. Ẹ̀rù ń bà wá débi pé a ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. (Ìyá ọmọ, Òṣogbo)

Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù. Àgbo tí wọ́n fi ń pò máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó máa ń mú kó sùn lọ láìlè jí, ó sì ti pa ọmọ.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ẹkún tó ń sé èémí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ọ̀pọ̀ sì máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà. Ọmọ á ké, á mí jáde tán, ara á kọ̀ láti fà á padà. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kì í ṣe alágídí. Lára ọmọ tó dúdú, ètè, ahọ́n àti èékánná lẹ ó ti tètè rí àwọ̀ náà. Ó lè gan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tún gbọ̀n. Èémí á padà fúnra rẹ̀, kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí gìrì: èyí kì í wá láìsí ohun tó fà á. Ẹkún, ìrora tàbí ìjáyà gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Gìrì sábà máa ń bá ibà wá, ó sì lè ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń ṣeré tàbí tó ń sùn.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, kí ẹ wo aago. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Ṣíbí kò gbọ̀dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀: eyín lè kán, ohun tó bá kán lè lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Omi tí ẹ ń bù sí i lè gba imú wọlé. Kí a máa fi ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ iná, tàbí kí a fi àlùbọ́sà ra ojú rẹ̀, ọgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣe é, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èròjà irin ò tó lára wọn, tí a bá sì tún un ṣe, ẹkún náà máa ń dín kù. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ rà fún un ní kẹ́míìsì: ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè má nílò irin kún irin. Ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹja àti ẹ̀fọ́ kò léwu, ẹ fi ọsàn tì í lẹ́yìn, ẹ má fún un ní tíì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí kò bá ké rárá kó tó dákú, tàbí bí kò bá padà mọ èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti pé ẹ ò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ padà máa gbà á. Tó bá jí, ẹ gbé e mọ́ra díẹ̀, kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ. Bí gbogbo ilé bá ń sá fún ẹkún rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Cardiff la wà. Ọmọkùnrin wa pé ọdún mẹ́rin, mo sì bí àbúrò rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn. Ó ń já a ní èékánná, ó ń gbá a lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹgba yọ ọ́ lára rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn. (Ìyàwó ilé, Cardiff)

Òfin ní kí ẹ sọ ọ́ kíákíá. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2022, kò tọ́ lábẹ́ òfin kí ẹnikẹ́ni na ọmọ ní Wales, níbi tí Cardiff yín wà: òbí, ìyá àgbà tàbí àlejò tó kàn ń kọjá. Scotland ti ṣe tirẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2020. Ọkọ yín ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin, kó sì sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí ọmọ má gbọ́.

Kí ẹ má kàn gba ẹgba lọ́wọ́ màmá kí ọwọ́ wọn ṣófo. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ki oríkì ọmọ náà: láràárọ̀ tó bá jí, àti nígbàkigbà tí àbúrò bá ń mu ọmú. Ọmọ tó rò pé wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun ló ń gbọ́ orúkọ baba ńlá rẹ̀, tí ọwọ́ màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí bíi tiwọn.

Ẹ̀yin àti ọmọ: ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ ká lọ pa iná. Bó bá na ọwọ́, ẹ dì í mú kó tó débẹ̀: “Mi ò ní jẹ́ kí o já a.” Bó bá ti já a, ọmọ tó ń sunkún lẹ ó kọ́kọ́ gbé, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwàásù gígùn náà jẹ́ àkíyèsí, àkíyèsí ló sì ń wá. Tó bá rọ̀, ẹ ní kó bá yín mú aṣọ tútù wá fún àbúrò. Ìyẹn sàn ju “pẹ̀lẹ́” tí a fi tipá fà yọ lọ. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tirẹ̀ lójoojúmọ́, àkókò kan náà, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn, kí òun sì yan eré. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí ọmọ máa lu tìmùtìmù kí ìbínú lè jáde. A ò fara mọ́ ọn, lílù náà ló ń kọ́. Ẹ kọ́ ọ kó na ọwọ́ sókè kó pè yín, kí ẹ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ nígbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

“Ẹ̀gbọ́n ni ẹ́ báyìí” máa ń wúwo lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́rin bó bá jẹ́ ojúṣe nìkan ló bá a dé. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mú.

Ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé má jẹ́ gbogbo ohun tó ní. Èdè wa ń sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣe èèyàn gan-an: inú ń bí mi, àyà mi ń já, ojú ń tì mí, ó ká mi lára, ara mi ò lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ lé ibẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ tún wo bí gbólóhùn náà ṣe rí: ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe pé èmi ni ẹ̀rù. Ohun tó bà lè fò lọ. Nítorí náà, “Inú ń bí ẹ” ni kí ẹ máa sọ, ẹ má sọ pé “Oníbìínú ni ẹ́.” Ọ̀kan ń sọ ohun tó wá bá a, èkejì ń sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ ọdún mẹ́rin sì máa ń jẹ́ orúkọ tí a bá sọ ọ́. Tí ẹ bá ń pa àlọ́ lálẹ́, ẹ dúró lágbedeméjì kí ẹ bi í pé, “Kí ló ń ṣe Ìjàpá báyìí? Níbo ló ti ń ṣe é?” Ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn máa ń rọrùn láti sọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ kì í fẹ́ sùn tí wọ́n bá mú iná lọ. A máa ń sọ fún un pé gbọ́mọgbọ́mọ ń gbé ọmọ tí kò bá sùn. Tẹ́lẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ní báyìí ó ń jí lóru. Fóònù nìkan ló ń mú un dákẹ́. (Bàbá àti ìyá, Ìkòròdú)

Gbọ́mọgbọ́mọ tí ẹ pè ló dé yẹn. Ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ọmọ lè fojú inú rí ohun tí kò sí, kò sì tíì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, ẹ sì sọ fún un pé àwọn àgbà ló sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọlọ́pàá tàbí abẹ́rẹ́ dókítà rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀.

Fóònù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ojú ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wà lójú rẹ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kó dín sí bẹ́ẹ̀ ló sàn. Kó kúrò nítòsí ní wákàtí kan ṣáájú oorun. Ẹ má já a gbà nígbà tí fídíò wà láàárín. Ẹ dúró kí èyí tó ń wò parí, kí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Bó bá ń fi fóònù dákẹ́ ní gbogbo ìgbà, kò ní ibi tó ti máa kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ láìsí i.

Ètò alẹ́ kan náà lójoojúmọ́: ìwẹ̀, eyín fífọ̀, àlọ́ kan, ògì fífẹ́ mẹ́rin, ó tán. Ẹ gbé iná kékeré tó ń lo bátìrì sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí ẹ sì jẹ́ kó tàn án kó pa á fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ̀rù ò bà á. Lóru, tó bá pè, ẹ lọ bá a níbi tó sùn sí, ẹ gbé ọwọ́ lé e láyà, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ tó padà. Ẹ má yẹ abẹ́ ibùsùn wò láti fi hàn án pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ibì kan wò ti gbà pé nǹkan lè wà níbẹ̀.